Gbèsè Àgbàrá: Ta Ni Ó Ń San Owó Omíyalé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Láti ìgbà tí olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní òwe yìí, ìbéèrè kan ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn: báwo ni onílé ṣe ń kọ̀ fún àgbàrá? Ẹnu lásán kò dá omi dúró. Gọ́tà tí ó jinlẹ̀ ni ó ń darí omi, àti afárá tí ó fẹ̀, àti odò tí a gbẹ́ dáadáa tí a sì fi kọnkéré dì létí. Owó ni gbogbo wọn. Nítorí náà, owó ni onílé fi ń kọ̀ fún àgbàrá. Ìtàn owó náà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí: ta ni ó ń san án, báwo ni a ṣe ń pín in, àti ohun tí ó yẹ kí a kọ́ lára àwọn tí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi san án tán.

Ìlú Kúta ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, lẹ́bàá Ìwó. Ìlú àwọn ọmọ Òwu ni. Kúta kò tóbi tó Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kan wá. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a wà, Ìbàdàn sì ni olú ìlú wa. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní ọdún 1980, àwọn ọmọ Kúta wà níbẹ̀.

Bàbá àgbà mi wà lára wọn. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí odò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí fún mi. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, òjò náà kò sì dẹwọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 10. Wọ́n ní ohun tí ó dẹ́rù bà wọ́n jù kì í ṣe ariwo òjò. Ìgbà tí ariwo òjò ń dínkù tí ariwo odò sì ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rù bà wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pákó tí ọ̀gá wọn kó jọ láti fi ṣe àga kò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Mọ́tò gun orí mọ́tò lójú odò bí ẹni pé ọmọdé ni ó tò wọ́n fi ṣeré. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ta ni ó san owó pákó náà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí a lọ pe odò lẹ́jọ́ ni?”

Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà ju 100 lọ. Olóyè Bọ́lá Ìgè ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Alhaji Shehu Shagari sì ni ààrẹ orílẹ̀-èdè. Orúkọ Ògùnpa wá di orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan ni odò náà di aláìgbọràn. Ó ti ya wọ ìlú ní ọdún 1978, ọdún méjì péré ṣáájú, àwọn ènìyàn sì ti kú nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí ohun tí ó fà á. Àwọn ènìyàn kọ́lé sí etí odò títí ilé fi ń wo omi lójú. Wọ́n ń da ilẹ̀ sínú odò bí ẹni pé ààtàn ni. Àwọn afárá kéré, ẹnu wọn sì tètè ń dí. Bí ìlú ti ń gbòòrò, páànù àti kọnkéré gba ipò koríko àti igbó, omi òjò kò wá rí ilẹ̀ tí yóò mu ún, gbogbo rẹ̀ ń rọ́ lọ sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ọdún 1980, ìjọba pinnu láti fẹ odò Ògùnpa, kí wọ́n sì fi kọnkéré dì í létí. Ìpinnu tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò lọ ní àlọ-ìdúró. Bí owó bá wà, wọn a ṣe díẹ̀. Bí owó bá tán, katakátá á dúró. Ìjọba kan á lọ, òmíràn á dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, láti ìgbà ìjọba alágbádá dé ìgbà ológun, títí ìjọba alágbádá fi tún padà dé.

Omi kò dúró de wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tí ó tó nǹkan bíi mìlímítà 187 rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀. Kì í ṣe Ògùnpa nìkan ni ó kún lọ́tẹ̀ yìí. Odò Ọnà àti àwọn odò kéékèèké kún pẹ̀lú, omi sì kún àkúnya ní ìdídò Ẹlẹ́yẹlé. Afárá wó káàkiri ìlú. Omi wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ọgbà ẹranko àti ibi ìsìn ẹja wọn jẹ́. Àwọn tí ó kú tún ju 100 lọ. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé ọdún 31 gééré tí Ògùnpa ti ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn. Wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n fi ṣe ojú àgbàrá, wọ́n sì tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, mo rò pé ẹ̀bùn ni. Mo tún un kà, mo sì rí i pé owó yíyá ni. Orílẹ̀-èdè wa ni ó yá a, orílẹ̀-èdè wa ni yóò sì san án padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Owó tí ìjọba fi ń san gbèsè, owó ìlú ni: owó epo rọ̀bì, owó orí, owó ibodè. Èyí túmọ̀ sí pé onílé tí ó wà ní Ìbàdàn, ìyá tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní Kúta, àti èmi tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo wa ni a ń san owó odò náà díẹ̀díẹ̀. A kò kàn mọ̀ pé a ń san án ni.

Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń sanwó, kò lè béèrè iṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò lọ wo gọ́tà kí ó sọ pé, “Owó mi ni ẹ fi ṣe èyí, kí ló dé tí ó ti ń sán?” Kò sí ẹni tí yóò dá aládùúgbò rẹ̀ dúró kí ó ní, “Má da ilẹ̀ sínú omi yìí, mo ṣì ń san gbèsè rẹ̀.” Bí owó bá dà bí ohun tí ó bọ́ láti ojú ọ̀run, iṣẹ́ tí a fi ṣe náà á dà bí ohun tí kò ní olówó.

Kí a lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Mo mú Dayton nítorí pé irú ohun tí ó ṣe Ìbàdàn ni ó ṣe wọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 1913, odò Great Miami kún, ó sì ya wọ àárín ìlú. Ó ju 300 ènìyàn lọ tí ó kú ní agbègbè náà. Ọ̀gbẹ́ni John H. Patterson, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń ka owó, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n máa kan ọkọ̀ ojú omi láti fi kó àwọn ènìyàn kúrò lórí òrùlé. Wọ́n kan nǹkan bíi 300 ọkọ̀.

Kò tíì pẹ́ tí omi gbẹ tí àwọn ará ìlú náà fi pe ara wọn jọ, wọ́n sì ṣèlérí láti dá owó tí ó ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Arthur Morgan, kí ó ṣètò iṣẹ́ náà. Morgan sọ fún wọn pé gbígbẹ́ odò láàárín ìlú nìkan kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ìdídò márùn-ún sí òkè odò, tí yóò máa dá omi dúró nígbà tí òjò bá pọ̀, tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó tí wọ́n dá kò lè ṣe ìyẹn. Ní ọdún 1914, ìpínlẹ̀ Ohio ṣe òfin kan tí ó fún àwọn ìlú etí odò láṣẹ láti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ òfin. Ní ọdún 1915 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Miami Conservancy District.

Báyìí ni wọ́n ṣe pín owó náà. Wọ́n rán àwọn adíyelé láti ilé dé ilé, láti oko dé oko. Wọn kò béèrè pé, “Ṣé olówó ni ọ́?” Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, “Bí a bá dá omi yìí dúró, èrè mélòó ni ilé rẹ yóò rí níbẹ̀?” Ilé tí omi lè bò san púpọ̀, èyí tí omi kò lè fi bẹ́ẹ̀ dé san díẹ̀. Àwọn ìjọba ìlú náà san tiwọn, nítorí pé ojú títì àti afárá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ta ìwé gbèsè fún àwọn tí ó lówó lọ́wọ́, wọ́n sì fi owó náà ṣe iṣẹ́. Àwọn onílé wá ń san iye tí ó kàn wọ́n lọ́dọọdún, pẹ̀lú èlé, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1918. Nígbà tí ó fi di ọdún 1922, ìdídò márààrún ti parí. Irú omi ọdún 1913 kò tíì wọ Dayton mọ́ láti ìgbà náà.

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn dunnú sí i. Àwọn àgbẹ̀ òkè odò bínú. Wọ́n ní, “Ìlú ni omi ń bò, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kọ́ ìdídò sórí ilẹ̀ wa?” Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí òfin náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjà náà, kò sí onílé tí kò mọ iye tí ó kàn án.

Ẹ wo ìyàtọ̀ Ìbàdàn àti Dayton. Ní Dayton, owó ni wọ́n san díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ògùnpa, iṣẹ́ ni a ṣe díẹ̀díẹ̀. Omi kì í sì í bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àbọ̀. Kò ní wo ibi tí kọnkéré dé kí ó ní, “Wọ́n ń gbìyànjú, kí n fún wọn ní ọdún méjì sí i.”

Ẹnìkan lè sọ pé òyìnbó ni wọ́n, pé ìwà wa yàtọ̀, pé onílé ilẹ̀ Yorùbá kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀. Ìtàn Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1908, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà, ìjọba àwọn òyìnbó fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wá sí Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn onílé san owó omi. Àwọn ará Èkó kọ̀. Wọ́n ní àwọn ní kànga, pé àwọn òyìnbó gan-an ni wọ́n fẹ́ fa omi náà fún, àti pé kò sí ẹni tí ó bi àwọn léèrè. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti tako owó náà. Omi Ijú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní ọdún 1915, ìjọba sì fẹ́ gba owó rẹ̀. Ní ọdún 1916, ọ̀rọ̀ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to ní tòótọ́. Eléko Èṣùgbàyí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wà lẹ́yìn ará ìlú, Herbert Macaulay náà sì wà lára àwọn tí ó tako owó náà.

Ṣé àwọn ará Èkó kò fẹ́ omi ni? N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn mu omi náà, a sì ń mu ún títí di òní. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ẹlòmíràn jókòó, kí ó pinnu iṣẹ́, kí ó pinnu owó, kí ó sì wá kàn wọ́n lára láìsí aṣojú wọn níbẹ̀. Owó àti ẹnu ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Ọ̀rúndún kan lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Èkó kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìjọba Gómìnà Akinwunmi Ambode ṣe òfin tuntun lórí owó orí ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge. Iye tí wọ́n bù fún ọ̀pọ̀ ilé fò sókè lójijì. Àwọn onílé figbe ta, àwọn agbẹjọ́rò wọ́de. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ìjọba dín owó náà kù, wọ́n sì gbà kí àwọn ènìyàn máa san án díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n tún òfin náà gbé yẹ̀ wò, owó tún wálẹ̀. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé sísan díẹ̀díẹ̀ dé nígbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí a ń fi epo pa ojú ọgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì fi han onílé kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ tí owó rẹ̀ yóò ṣe, bóyá ìjà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ̀ pé owó ilé àti ọ̀nà omi jẹ́ ìbejì. Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, Àfikún Kẹrin ka iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Dídíyelé àwọn ilé aládàáni láti gba owó lórí wọn wà níbẹ̀. Ṣíṣe òpópónà àti gọ́tà àti títọ́jú wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ kan náà ni òfin kó méjèèjì sí, ọwọ́ tí ó sún mọ́ ará ìlú jù lọ.

Ṣé àwa Yorùbá kò mọ sísan díẹ̀díẹ̀ ni? Ó ti wà lára wa kí òyìnbó tó dé. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé èsúsú, bí àwọn ènìyàn ti ń dá iye owó kan náà ní àkókò tí wọ́n fi sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì máa gba gbogbo rẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú, owó ńlá ni ó gbà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń san díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí Dayton ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé odò ni ó kọ́kọ́ kó èsúsú tiwọn. Ìyá mi ń dá àjọ lójoojúmọ́. Alájọ á wá, á gba owó, á sì fa ìlà sí káàdì. Káàdì yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà. Ìyá mi lè ka iye tí wọ́n ti san, wọ́n lè ka èyí tí ó kù, bí alájọ bá sì fẹ́ ṣe màgòmágó, káàdì á jẹ́rìí.

Mo ti fi ojú ara mi rí bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wa. Òpópónà wa dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, àgbàrá sì ti ń jẹ ẹsẹ̀ ilé bọ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn onílé pàdé, ilé 18 ni wá. Wọ́n pinnu láti ṣe gọ́tà, wọ́n sì bu ₦45,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n san án láàárín oṣù kan. Àwọn tí ó lówó san. Àwọn tí kò ní kò san. Bíríkìlà fi èyí tí ó wà ṣe iṣẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì dúró ní ibi tí owó tán. Ẹnu ọ̀nà opó kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alákàrà ni ó dúró sí. Tẹ́lẹ̀, àgbàrá máa ń fọ́n káàkiri ojú ọ̀nà. Nísinsìnyí, gọ́tà àbọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì dà á sí ilé ìyá yìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, omi gbé ìkòkò, ẹ̀wà àti ẹ̀rọ ìlọta wọn lọ, ògiri yàrá kan sì wó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn kò sùn sí yàrá náà. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìyá yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ san owó. Wọ́n ta ewúrẹ́ méjì kí wọ́n tó lè san án.

Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà yá wọn ní owó tí ó kù. Bíríkìlà parí gọ́tà náà títí dé odò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ilé tí kò tíì san wá ń san ₦3,000 lóṣooṣù fún oṣù 16. Ìyẹn jẹ́ ₦48,000; ₦3,000 tí ó lé ni èlé. Wọ́n kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí pákó kan lára ògiri ilé Alága, wọ́n sì ń fàmì sí i bí a ti ń san án. Àwọn kan sanwó pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sá. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé bá da ọ̀rá omi sínú gọ́tà, àgbàlagbà tí ó bá rí i á ní kí ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mọ iye tí ó ná wọn.

N kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ omíyalé ni àwọn onílé àdúgbò lè yanjú. Odò Ògùnpa kì í ṣe gọ́tà ilé 18. Àwọn tálákà wà tí ₦3,000 pàápàá yóò ni lára, ó sì yẹ kí ìlú gbé ti irú wọn. Bí onílé bá sanwó, ó lè fi kún owó ilé, kí ó sì di ẹrù ayálégbé. Ẹni tí ó ń gbé òkè, tí páànù ilé rẹ̀ ń da omi sí ìsàlẹ̀, lè sọ pé ọ̀rọ̀ kò kan òun, bẹ́ẹ̀ ara omi tirẹ̀ ni ó ń pa ará ìsàlẹ̀. Àti pé bí àwọn tí ó ń gbowó bá jẹ́ olè, sísan díẹ̀díẹ̀ á kàn di jíjà ní olè díẹ̀díẹ̀ ni. Gbogbo èyí ni òfin tí ó dára gbọ́dọ̀ wò. Ní Dayton, wọ́n wò ó: wọ́n díyelé ní gbangba, wọ́n gba ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ìtàn yìí kọ́ mi. Èkíní ni pé kí a máa san owó díẹ̀díẹ̀, kí a má máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Agbára onílé ni ó ń fẹ́ sùúrù. Omi kò ní sùúrù. Èkejì ni pé kò sí iṣẹ́ omi kankan tí a kì í san owó rẹ̀. Yálà ìjọba yá a ní òkè òkun, yálà adíyelé wá kan ilẹ̀kùn wa, àwa ni yóò san án, bí a kò bá sì ṣe iṣẹ́ náà rárá, a ó san án ní ìkòkò, ní pákó, ní ògiri àti ní ẹ̀mí ènìyàn. Ọ̀nà tí ó kẹ́yìn yìí ni ó wọ́n jù, kò sì sí ẹni tí ó ń gba ibẹ̀ san díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sí i, àwa tí a wà ní kíláàsì àgbà báyìí ni yóò máa kọ́lé, tí yóò sì máa dìbò. Gbèsè odò Ìbàdàn ṣì wà nílẹ̀ dè wá. Mo fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa rí káàdì rẹ̀: iye tí ó kàn mí nìyí, iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe nìyí, èyí tí ó kù nìyí. Onílé tí ó ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ó lè sọ fún àgbàrá pé òun kò gbà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rinlẹ̀.